Òkúta ẹfun ní ìsàlẹ̀ kànga: ṣé owó ni, àbí àìsàn?

“Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi àti ọkọ mi ra púlọ́ọ̀tì méjì sí àgbègbè Pápáláńtò, a ti kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀, a sì ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin bí igba sẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn agbẹ́kànga gbẹ́ kànga wa dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 38, wọ́n kan òkúta funfun kan tí ìkarahun kún inú rẹ̀, àfi bíi pé ẹnìkan da ìgbín àti òkòtó pọ̀ mọ́ kọnkéré. Ibi tí òkúta náà ti lanu ni omi ti ń tú jáde. Omi náà mọ́ gaara, kò rùn, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, kẹ́tùrù wa sì ti ń hu èépá funfun nínú. Ìyá ọkọ mi ní omi yìí yóò di òkúta sí wa nínú kíndìnrín. Àwọn agbẹ́kànga ní òkúta sìmẹ́ńtì ni, kí a pa ẹnu mọ́, owó ńlá ni. Ọkùnrin kan sì ti wá lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ rà á. Aládùúgbò wa kan ní ojúbọ Olókun la já lé lórí, nítorí kí ni ìkarahun òkun ń wá níbi tí òkun kò sí? Sọ́kàwéè wa fi bí ẹsẹ̀ bàtà 25 jìnnà sí kànga náà. Ṣé ká máa mu omi yìí? Ṣé owó lòkúta náà lóòótọ́? Ṣé ilé wa kò sì ní rì?”

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ sì kú ìfaradà ẹnu àwọn agbẹ́kànga. Mo ti wo fọ́tò mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì ti ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ẹ kàn sọ kọjá, tí ẹ kò tilẹ̀ fi ṣe ìbéèrè, ni kò jẹ́ kí n sùn: sọ́kàwéè tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 25. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú òkúta tí à ń bá ṣe ná, torí pé inú ìwà òkúta yìí ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ wà.

Òkúta ẹfun ni. Láìmùsìtóònù là ń pè é ní ibi iṣẹ́, àwọn ará Ewékorò sì ń pè é ní òkúta sìmẹ́ńtì. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi nìkan o, ẹ dán an wò. Ẹ mú ìṣó, ẹ fi họ ọ́: ìṣó yóò fi àpá sí i lára, nítorí òkúta yìí kò le tó irin. Ẹ wá fi ìṣó kan náà họ gráńáìtì tí wọ́n fi ń da kọnkéré, ẹ ó rí i pé ìṣó ló máa jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, ẹ gún èérún òkúta yín kan lẹ́bú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá ń hó, tó ń yọ ìfófòó kéékèèké, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Àwa tá à ń fi iṣẹ́ yìí jẹun máa ń gbé ìgò ásíìdì kékeré kan tí a ti fi omi là kiri nínú àpò. Ṣòkòtò mẹ́rin ni ìyàwó mi ti jù nù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ásíìdì bátìrì ọkọ̀ dán an wò. Ó lè ta sí yín lójú, kò sì ní sọ òótọ́ tán fún yín, torí ó máa ń fi nǹkan bo ara òkúta náà tí híhó rẹ̀ á fi dákẹ́ láìtọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níhìn-ín, torí ìbéèrè yìí wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí àwọn ọlọ́bàtálá ń lò, òun náà ni òkúta ẹfun. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹfun ọjà tí mo ti fi ásíìdì kàn, amọ̀ funfun ni. Ẹ fún ọsàn sí i títí di ọ̀la, kò ní dá yín lóhùn. Àmọ́ ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí ti ń bọ òrìṣà, èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe ẹfun tiwọn, wọ́n ń pè é ní cascarilla. Ìyẹn yóò hó! Èèpo ẹyin, ìkarahun ìgbín, àti òkúta inú kànga yín, ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì. Adìyẹ igba tí ẹ ní sẹ́yìn ilé yẹn, òkúta ẹfun ni wọ́n ń ṣe lóròòwúrọ̀, ẹ kàn ń fi pálí kó o lọ sọ́jà ni.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ Olókun. Mi ò ní bá aládùúgbò yín jiyàn púpọ̀, torí apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà: òkun ti wà níbẹ̀ rí. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò jìn, ló bo ibi tí Ewékorò, Ṣàgámù, Ìbèṣè àti Pápáláńtò wà lónìí. Ìgbín òkun, àwọn ẹ̀dá oníkarahun méjì tó ń pa dé bí ìwé, iyùn, àti àìmọye ẹ̀dá wíntín tí ojú lásán kò lè rí, gbogbo wọn ló ń gbé inú omi yẹn. Wọ́n ń fa kálísíọ́ọ̀mù látinú omi tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń fi í kọ́ ilé sí ara wọn lára. Bí wọ́n bá kú, ẹran ara a jẹrà, ilé a kù. Ìkarahun ń bọ́ lé ìkarahun lórí fún ọdún tí ẹnìkan kò lè kà. Ìgbì ń fọ́ òmíràn di ẹrọ̀fọ̀ funfun, ẹrọ̀fọ̀ náà sì ń ká àwọn tí kò fọ́ mọ́. Nígbà tí ẹrù yìí pọ̀, tí tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, omi tó wà láàárín wọn ń yọ́ díẹ̀ nínú ìkarahun, ó tún ń tò ó padà sínú àlàfo, bí bíríkìlà ṣe ń dí ojú búlọ́ọ̀kù. Bí ẹrọ̀fọ̀ ṣe di òkúta nìyẹn. Iná kò sí níbẹ̀, òkè ayọnáyèéfín kò sí níbẹ̀. Gráńáìtì Olúmọ iná inú ilẹ̀ ló ti wá. Ti yín, ikú àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni. Máàbù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà, ìran òkúta ẹfun ni, ṣùgbọ́n ooru àti ìnira inú ilẹ̀ ti sè é títí ó fi di máàbù.

Nígbà tó yá, òkun náà yí ìwà padà, ẹrẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, omi kò mọ́ mọ́, àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ràn omi tó mọ́ sì lọ. Ẹrẹ̀ yẹn ló di amọ̀ líle tó sábà máa ń wà lórí òkúta yìí ní agbègbè yín. Àwa onímọ̀ ilẹ̀ ń fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta náà, a sì ń pe ti amọ̀ orí rẹ̀ ní Akinbo. Ìpele yìí kò mọ ààlà tí òyìnbó fà. Kòtò ńlá tí ẹrẹ̀ àti ìkarahun kún yìí bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin kọjá, ó sì wá sinmi ní ìhà Òkìtìpupa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wa òkúta ẹfun ní Tabligbo ní Tógò, àti ní Onigbolo lẹ́bàá Pobè láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, kí a tó wá sọ ti Ewékorò, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, àti ti Ṣàgámù tó tẹ̀lé e ní 1978. Nígbà mìíràn tí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ékòó, mo máa ń wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, mo sì máa ń rántí pé ìkarahun ìgbín òkun wà lára gbogbo wọn.

Ó dáa, ṣé owó ni? Owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Abala 44 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹsẹ̀ kẹta, sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì tó bá wà nínú ilẹ̀ tàbí lórí ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Òfin ìwakùsà ti 2007 sì tún ìdí rẹ̀ mú le. Ojú ilẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ tà fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ wa òkúta tà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, kó sì ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn kí ó tó fi irin kan ilẹ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì yẹn, bó bá tún dé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ láàárín ara wa”, ẹ sìn ín dé ẹnu géètì.

Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Púlọ́ọ̀tì méjì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò ju nǹkan bí 1,340 mítà lórí ìwọ̀n ojú ilẹ̀ lọ. Ká ní òkúta náà nípọn tó mítà 10 lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ní níbẹ̀ kò lè ju nǹkan bí 33,000 tọ́ọ̀nù lọ púpọ̀. Iléeṣẹ́ tó lè ṣe mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ́dún, irú èyí tí wọ́n ṣí ní Ìbèṣè ní 2012, lè jẹ nǹkan bí 20,000 tọ́ọ̀nù òkúta ẹfun lóòjọ́ bó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Gbogbo ogún yín kò tó oúnjẹ ọjọ́ méjì fún un. Ẹ ó sì ti kó mítà 11 ilẹ̀ àti amọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó fojú kàn án. Àwọn tó ń ṣe é pàápàá, ohun tó ń gbọ́n owó wọn lọ kì í ṣe òkúta bí kò ṣe iná: wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì sè é nínú ààrò gbọọrọ kan tó ń yí, tí ooru inú rẹ̀ ń tó 1,450 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nínú iná yẹn, òkúta ẹfun 100 kílò tó mọ́ dáadáa á sọ kílò 44 nù sínú afẹ́fẹ́, á ku 56. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá fẹ́ fi igi dáná sun òkúta lẹ́yìnkùlé láti fi ṣe láìmù pé kí wọ́n jáwọ́. Ohun tó kù lẹ́yìn iná yẹn máa ń gbóná lálá bí omi bá kàn án, ó sì lè fọ́ èèyàn lójú.

Ẹ wo ara àpò sìmẹ́ńtì, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà Portland. Erékùṣù kan ni lẹ́bàá etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tó dára láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Joseph Aspdin tó gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ní 1824 fi orúkọ òkúta yẹn pè é. Mo mẹ́nu ba Lọ́ńdọ̀nù nítorí kẹ́tùrù yín. Ẹ pe ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mọ̀ níbẹ̀, kí ẹ ní kó yọjú wo inú kẹ́tùrù rẹ̀. Èépá funfun kan náà ló máa bá níbẹ̀, torí púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ń mu ní ìhà ibẹ̀ inú òkúta ẹfun rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì ló ti ń wá. Fínígà ni wọ́n ń dà sí i, á hó, á sì ṣí. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ṣe é fún yín.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí, ẹ sì fi ọkàn bá mi lọ torí a ṣì máa padà sí i. Omi òjò máa ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì mọ́ra, ó sì tún ń gba púpọ̀ sí i nígbà tó bá ń rin inú ilẹ̀ kọjá, níbi tí gbòǹgbò ń mí, tí ewé sì ń jẹrà. Omi náà á wá kan díẹ̀, kì í ṣe kíkan tí ahọ́n lè mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti yọ́ òkúta ẹfun. Ọsàn tí ẹ fún sórí èérún òkúta, òjò ń ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tí ẹ bá gbé omi yẹn kaná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fò lọ, omi kò ní lè gbé òkúta tó yọ́ náà mọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìdí kẹ́tùrù. Ti ọṣẹ ńkọ́? Kálísíọ́ọ̀mù inú omi á gbá ọ̀rá ọṣẹ mú, àwọn méjèèjì á di èérí tó ń léfòó. Ìgbà tí ọṣẹ bá san gbèsè yẹn tán ni yóò tó ráyè hó. Ẹ máa fi omi òjò fọ aṣọ nígbà òjò, ẹ máa lo ọṣẹ ẹlẹ́bú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má sì náwó lórí álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù ń sọ ìdọ̀tí kalẹ̀ ni, kì í mú irú omi yìí rọ̀.

Ní ti kíndìnrín, onímọ̀ òkúta ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo lè sọ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lélẹ̀ nítorí ìlera lórí líle omi, ìyẹn bí irú kálísíọ́ọ̀mù yìí ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, àti pé òkúta inú kẹ́tùrù kì í ṣe ẹ̀rí pé òkúta yóò wà nínú ara. Inú kẹ́tùrù ń hó, inú ara yín kì í hó. Àwọn dókítà tí mo ti bi léèrè sọ pé ẹni tí kì í mu omi tó ni kó bẹ̀rù òkúta kíndìnrín jù. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ti ní in tẹ́lẹ̀, kó lọ bi dókítà tirẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyá, ẹ sọ fún wọn pé ìbẹ̀rù wọn kò burú, ibi tí wọ́n nà án sí ni kì í ṣe ibẹ̀.

Nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ibi tí òkúta ti lanu ni omi ti ń tú jáde. Kí ló là á lẹ́nu? Òjò tí mo sọ yẹn ni. Ó ń bá ojú ibi tí òkúta ti sán wọlé, ó ń yọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú náà ń fẹ̀ sí i: lónìí bí irun orí, lọ́jọ́ iwájú bí ìka ọwọ́, ní ibòmíràn láyé ó ti di ihò tí mọ́tò lè wọ̀. Ẹ wá fi èyí wé ilẹ̀ oníyanrìn. Yanrìn dà bí asẹ́. Omi ń rá pálá gba àárín rẹ̀ kọjá, kòkòrò ń kú lọ́nà, ìdọ̀tí ń há síbẹ̀. Òkúta ẹfun kì í sẹ́ omi. Ojú tó là nínú rẹ̀, páìpù ni. Ohun tó bá gba ẹnu kan wọlé lálẹ́ lè gba ẹnu kejì jáde láàárọ̀, bó ṣe rí náà ni yóò sì jáde. Omi mímọ́ gaara kò jẹ́rìí kankan, torí kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò ní àwọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí agbo ilé kan ní ìhà Yewa, níbi tí inú ń run àwọn ọmọdé ní gbogbo ìgbà òjò. Àwọn ará ilé ti tọ́jú rẹ̀ títí, wọ́n ti bá ara wọn jà sí i. Mo béèrè ibi tí ṣáláńgá wà, wọ́n ní ó jìnnà, ẹsẹ̀ bàtà 60. Mo da àwọ̀ ewé kan tí a máa ń lò fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, tí kì í pa ènìyàn lára, sínú ṣáláńgá náà nírọ̀lẹ́, mo sùn sílé wọn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tí wọ́n fà nínú kànga ti tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tẹ̀tẹ̀. Màmá àgbà tó ni ilé náà wo inú korobá, ó wò mí, ó ní, “A jẹ́ pé a ti ń mu ara wa látọjọ́ yìí.” Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ẹ̀rọ omi nìkan ni. Ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Kánádà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú kan tó gba omi látinú irú òkúta tó sán bẹ́ẹ̀, kílórínì tó yẹ kó pa kòkòrò inú rẹ̀ kò sì tó. Ènìyàn 7 kú, ó lé ní 2,300 tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Mi ò sọ pé omi yín ti bàjẹ́ o. Amọ̀ tó wà lórí òkúta náà lè jẹ́ ààbò yín, torí amọ̀ tí kò bá sán kì í jẹ́ kí omi kọjá bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kànga yín fúnra rẹ̀ ti lu amọ̀ náà já, bí sọ́kàwéè náà bá sì jìn débi tó ti lu amọ̀ já, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti pàdé. Àyẹ̀wò ló máa sọ. Ẹ gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ nǹkan méjì wò: kòkòrò inú ìgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní kólífọ́ọ̀mù, àti náítíréètì, èròjà kan tí ìgbẹ́ máa ń tú sínú omi. Kólífọ́ọ̀mù tó ti inú ìgbẹ́ wá kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Náítíréètì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan. Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo ń fojú sí ní ti náítíréètì, ọmọ ìkókó ni ó sì máa ń ṣe ní jàǹbá jù, torí náà bí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ má fi omi yìí po oúnjẹ rẹ̀ títí èsì yóò fi dé. Síse kì í lé náítíréètì lọ. Ẹ bu omi náà lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ má bù ú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò kò rọ̀, torí ìgbà òjò ni àṣírí irú kànga yìí máa ń tú.

Kí èsì tó dé, ẹ máa se omi tẹ́ ẹ máa mu kó hó gidi fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ohun tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá kọ́kọ́ náwó lé ni sọ́kàwéè, kì í ṣe kànga. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Mítà 30, bí ẹsẹ̀ bàtà 100, ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi jìnnà sí kànga, ibi tí ilẹ̀ dà sí lẹ́yìn kànga ni kó sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ti ẹsẹ̀ bàtà 60 àwọn ará Yewa, ẹ mọ̀ pé jíjìnnà nìkan kò tó lórí òkúta yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó má jìn sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ dípò kó jìn, kó sì dúró sínú ilẹ̀ pupa tó wà lókè amọ̀, níbi tí ilẹ̀ yóò ti bá yín sẹ́ ẹ. Àwọn tó ń gbẹ́ sọ́kàwéè fẹ́ràn láti lu òkúta, wọ́n á ní “omi kì í dúró níbẹ̀, kò ní kún láéláé”. Òótọ́ ni, kò ní kún. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ náà, ẹ má kó o jọ sórí ilẹ̀ ní gbangba òjò. Ẹ bò ó, tàbí kí ẹ tètè máa tà á fún àwọn àgbẹ̀.

Ní ti kànga, ẹ fi ríìnnì sí i láti òkè dé ibi tí amọ̀ ti nípọn, kí wọ́n sì da kọnkéré sí àárín ríìnnì àti ilẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ga, kó ní ìdérí, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ yí i ká. Ó máa dá omi orí ilẹ̀ dúró, kò lè dá èyí tó ń gba inú òkúta bọ̀ dúró; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ríìnnì parí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kẹta ni bọ́ọ̀hóòlù tó gba inú òkúta ẹfun kọjá lọ bá yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń fi orúkọ Abẹ́òkúta pè. Yanrìn yẹn ń sẹ́ omi dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn omi rẹ̀ máa ń ní ìpẹtà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí wọn kò bá sì fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo tó yí páìpù ká láti òkè dé ìsàlẹ̀ òkúta ẹfun, owó ńlá lẹ ó fi ra àìsàn kan náà. Bí èsì àyẹ̀wò bá dára lẹ́yìn tí ẹ ti gbé sọ́kàwéè kúrò, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi gbẹ́ ẹ.

Ilé yín kò jọ èyí tó máa rì. Òkúta ẹfun lágbára tó láti gbé ilé kékeré, ó sì tún wà jìnnà nísàlẹ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ orí irú òkúta yìí máa ń ṣí lójijì níbi tí ihò inú rẹ̀ bá ti tóbi. Ní Winter Park ní Florida, ní oṣù karùn-ún 1981, ilẹ̀ gbé ilé kan mì pẹ̀lú mọ́tò mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ìhà tiwa, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí mo ti rí ni ilé tó lanu nítorí amọ̀ tó ń wú nígbà òjò, tó ń súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má jẹ́ kí omi òrùlé máa dà sí ẹsẹ̀ ilé lójú kan, ìyẹn ti tó.

Àwọn èérún òkúta tó kù létí kànga ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọkàn yín ti lọ sọ́dọ̀ adìyẹ. Nínú 100 kílò oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, òkúta ẹfun máa ń tó kílò 8 sí 10, òun ni èèpo ẹyin fi ń le. Tiyín lè ṣe é, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n sá a, tí wọ́n sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bíi gààrí oníhóró. Ṣùgbọ́n òkúta kò rí bákan náà níbi gbogbo, amọ̀ àti màgníṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè pọ̀ jù, nítorí náà ẹ ní kí ilé àyẹ̀wò bá yín yẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ má sì fún àwọn òròmọdìyẹ tí kò tíì máa yé. Kálísíọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù máa ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ẹ lè sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ yín, inú wọn á dùn pé kíndìnrín kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá sì ní oko ẹ̀gẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti da òkúta yìí sí i, ẹ̀gẹ́ kì í béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkarahun tó wé bí ìgbín nínú fọ́tò kẹta yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Bí èsì omi bá sì dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ ní kí ẹni tó gbẹ́ sọ́kàwéè sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó gbẹ́ ẹ jìn dé, àti bóyá òkúta funfun kan wà nínú ohun tó kó jáde níbẹ̀. Ẹ kò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà yín.